Ọmọ Ilé Ta Ni?

Ìjókòó ni àwọn ère Ẹ̀sìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tiwa, wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé tí wọ́n kó wọn sí, ohun tí ojú rẹ̀ máa bá pàdé nìyẹn: ogunlọ́gọ̀ ènìyàn olókùúta lórí àpótí, bí ẹni tó ń retí ẹnì kan tí yóò wá bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Àwọn kan di ọ̀bẹ mú, àwọn kan wọ ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, irun orí àwọn mìíràn sì gòkè bí adé. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Ọba Ère. Èyí tí èmi máa ń dúró tì kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Wọ́n fín ilà wẹ́wẹ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, imú rẹ̀ ti ṣẹ́, ọwọ́ kan ti yọ, ṣùgbọ́n àpá ibi tí ọwọ́ náà gbé lé itan rẹ̀ kò tíì parẹ́.

Ní 1933 ni òyìnbó kan tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, H. G. Ramshaw, kọ ìròyìn wọn síta. Ní 1945 ni wọ́n kọ́ ilé fún wọn, ilé náà sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kí Ramshaw tó dé, àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń bọ wọ́n, wọ́n ti ń ṣọdún wọn. Ìtàn tí ìlú ń pa ni pé àlejò ni wọ́n, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, wọ́n sì di òkúta. Ta ni wọ́n ń jẹ́? Ọmọ ilé ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Kò sí ẹni tó rí i sọ.

Mo fi ère bẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí gómìnà òyìnbó kan sọ ní 1923. Ogun Jámánì àkọ́kọ́ ti parí nígbà náà, Ìlú Ọba sì ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú ibojì àwọn tó kú sógun. Òfin tí ìgbìmọ̀ náà fi lélẹ̀ dára: bákan náà ni kí wọ́n ṣe fún gbogbo òkú, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, kí orúkọ olúkúlùkù wà lórí òkúta. Nígbà tó kan Áfíríkà, wọ́n bi gómìnà Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, léèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe. F. G. Guggisberg ni orúkọ rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọmọ ìbílẹ̀ kò lè mọ ìtumọ̀ òkúta orí ibojì, kò sì ní mọyì rẹ̀. Ìgbìmọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Káàkiri àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Áfíríkà, wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkú sílẹ̀ láìsí òkúta, láìsí orúkọ. Ní 2021 ni àwọn tó jogún iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé, nínú ogun àkọ́kọ́ yẹn nìkan, ó kéré tán òkú 116,000 ni a kò kọ orúkọ wọn tàbí tí a kò ṣe ìrántí wọn rárá, pé iye náà sì lè tó 350,000. Ọmọ Áfíríkà àti ọmọ ilẹ̀ Lárúbáwá ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ọdún mẹ́wàá péré ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ gómìnà yẹn àti ìròyìn Ramshaw. Ẹni tó sọ pé a kò mọ ìtumọ̀ òkúta kò tíì dé Ẹ̀sìẹ́.

Ọkọ̀ òkun kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń wá ipa àwọn ará wa tó bá ogun lọ. Mendi ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà kan ní Sàró ni wọ́n fi sọ ọ́. Glasgow ni wọ́n ti kàn án ní 1905, ilé iṣẹ́ Elder Dempster ló sì ń lò ó láàárín Liverpool àti etíkun tiwa. Lẹ́tà ló ń kó, èrò ló ń kó. Bó ṣe ń lọ ló ń bọ̀ lọ́dọọdún, àwọn ará Èkó sì mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bí a ṣe mọ mọ́tò tó ń ná ọjà Òmù-Àrán. Nígbà tí ogun le ní 1916, ìjọba gbà á, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ sójà.

Ní ìparí 1916 ni wọ́n kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sójà Nàìjíríà láti Èkó lọ bá Jámánì jà ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, lábẹ́ Ọ̀gágun Cunliffe. Mendi wà lára àwọn ọkọ̀ tó gbé wọn dé Dar es Salaam. Ilẹ̀ Ìgbómìnà wà lábẹ́ ẹkùn Ìlọrin nígbà náà, láti 1908 sì ni ojú irin Èkó ti gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ ṣe sójà láti ọ̀dọ̀ wa, tàbí tí wọ́n fi tipá mú ṣe aláàárù ogun, kò ní ju ìrìn ọjọ́ kan tàbí méjì lọ kó tó dé ibi tí reluwé ti máa gbé e. Àwọn tó dé ọ̀hún jà ní ẹ̀bá odò Rufiji, wọ́n sì jà ní Mahiwa ní oṣù Ọ̀wàrà 1917, ìjà ọjọ́ mẹ́rin kan tí ó kó ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Àwọn tó ṣẹ́kù padà sí Èkó ní 1918, ọdún tí lúkúlúkú wọlé, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ọta kò pa lè délé kí àìsàn pa á.

Mendi ti lọ sí Cape Town ní tirẹ̀. Níbẹ̀ ló ti kó àwọn ènìyàn mìíràn: ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, aláwọ̀ dúdú, ó lé ní 800, wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní Faransé. Wọn kò fún wọn ní ìbọn. Ìjọba àwọn òyìnbó ibẹ̀ kò fẹ́ kí dúdú di ohun ìjà mú kó kọjú sí funfun, bó ti wù kí funfun náà jẹ́ ọ̀tá. Ẹrù ni wọn yóò máa já ní èbúté, igi ni wọn yóò máa gé, ọ̀nà ni wọn yóò máa là. Nǹkan bí 21,000 irú wọn ló dé Faransé kí ogun tó parí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú Mendi, ará Pondoland ni wọ́n, àgbẹ̀ àti darandaran. Àwọn kan nínú wọn kò fojú rí òkun rí títí di ọjọ́ tí wọ́n wọkọ̀. Ọmọ ọba wà láàárín wọn, tíṣà wà láàárín wọn, àlùfáà ìjọ kan sì wà níbẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Isaac Wauchope Dyobha, akéwì àti òǹkọ̀wé.

Ọkọ̀ náà kúrò ní Cape Town nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1917. Ó yà sí Èkó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti de ìbọn ńlá kan mọ́ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì. Mo máa ń ro ọjọ́ yẹn: àwọn tó ń kẹ́rù ní Marina ń wo àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn lókè ọkọ̀, àwọn yẹn náà ń wò wọ́n, èdè wọn kò yé ara wọn. Ó yà sí Freetown. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lórí omi, ó gúnlẹ̀ sí Plymouth. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Èrèlé ni ó tún ṣí, ó ń lọ sí Le Havre, ọkọ̀ ogun kékeré kan tí ń jẹ́ HMS Brisk sì ń tẹ̀lé e láti dáàbò bò ó.

Kùrukùru bolẹ̀ lóru yẹn débi pé èèyàn kò rí iwájú. Mendi rọra ń lọ, ó ń fọn fèrè rẹ̀ bí òfin òkun ṣe wí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ìdájí lù, ní gúúsù Isle of Wight, ọkọ̀ mìíràn já lù ú láti inú kùrukùru. Darro ni orúkọ èyí, ó fi ìlọ́po méjì tóbi ju Mendi lọ. Ó ń sáré, kò sì fọn fèrè kankan. Ó gba Mendi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó sì lu ihò ńlá sí i níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sùn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò rí àyè jáde. Àwọn tó rí àyè gòkè, wọ́n tò sórí ọkọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, wọ́n ń retí àṣẹ. Ọkọ̀ ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọkọ̀ kékeré tó yẹ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kò ṣeé sọ̀. Kò tó ìdajì wákàtí tí òkun fi gbé e mì.

Òtútù ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Omi oṣù Èrèlé lọ́hùn-ún kì í ṣe omi tí ara lè gbà fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Àwọn atukọ̀ HMS Brisk fi ọkọ̀ kékeré wá wọn nínú òkùnkùn, wọ́n ń tẹ̀lé igbe tí wọ́n ń gbọ́. Darro dúró nítòsí, kò sọ ọkọ̀ kan ṣoṣo kalẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí ní ọdún yẹn, wọ́n dá ọ̀gá Darro, Henry Stump, lẹ́bi: ó sáré jù nínú kùrukùru, kò fọn fèrè, kò ran ẹni tó ń kú lọ́wọ́. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ni pé kó má tukọ̀ fún ọdún kan. Ẹ̀mí 646 ló lọ: ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà dúdú 607, òyìnbó 9 nínú àwọn tó ń kó wọn lọ, atukọ̀ 30. Àwọn tí wọ́n fà jáde láàyè lé ní 200.

Ìtàn ẹnu kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń rántí ọjọ́ náà. Wọ́n ní bí ọkọ̀ ṣe ń rì, Dyobha gbé ohùn sókè, ó pe gbogbo wọn ní ọmọ ìyá kan náà, ìran yòówù kí wọ́n ti wá, ó ní kí wọ́n kú bí akọni, wọ́n sì bọ́ bàtà, wọ́n jó ijó ikú lórí ọkọ̀. Àwọn òpìtàn ti wá àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó yè ní 1917, wọn kò rí i. Láti ẹnu dé ẹnu ni ó ti wá kó tó wọ ìwé. Ìyẹn kò já a kulẹ̀ lójú mi. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí. Ẹnu ni a fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa ara wa.

Ìdí àwọn tó yè ni mo fẹ́ jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìtọpinpin ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún wọn láṣọ gbígbẹ, wọ́n fún wọn lóúnjẹ, púpọ̀ nínú wọn sì ṣì lọ sí Faransé lọ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kúrò nílé. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà ni Louis Botha tó jẹ́ olórí ìjọba sọ ọ̀rọ̀ náà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbogbo ilé sì dìde dúró fún àwọn òkú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ di wẹ́lo. Nígbà tí ogun parí, Ọba Ìlú Ọba ní kí wọ́n fún gbogbo ẹni tó sìn ní mẹ́dàlì. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà kọ̀, kò fún àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tirẹ̀. Àwọn tó wá láti Basutoland, Bechuanaland àti Swaziland, tí kò sí lábẹ́ ìjọba yẹn, gba tiwọn.

Èyí ju ọ̀rọ̀ iyì lọ. Ẹni tó bá ti tọ ipa ará ilé rẹ̀ nínú ogun yẹn rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Mẹ́dàlì ogun àkọ́kọ́ ní orúkọ létí. Bí o bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí o gbé e sí oòrùn, wàá rí nọ́mbà, orúkọ, àti ẹgbẹ́ ogun tí ẹni náà wà, wọ́n fín in sí ara irin. Ọmọ-ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa bàbá ńlá rẹ̀ lè rí irin yẹn nísàlẹ̀ àpótí, kó sì ti ibẹ̀ dé ilé ìwé àtijọ́ ní Kew, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí wọ́n fi mẹ́dàlì dù, okùn ni wọ́n gé mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó yè nínú Mendi padà sílé láìní ohun kan lọ́wọ́ tó lè sọ pé ó wà níbẹ̀, àfi ẹnu ara rẹ̀. Bó bá kú kí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́n, ó parí.

Òkun kò ní ojú oórì. Omi gbé òkú díẹ̀ jáde: àwọn kan sùn sí itẹ́ òkú Milton ní Portsmouth, omi sì gbé àwọn mìíràn títí dé Noordwijk ní ilẹ̀ Nẹ́dálańdì, ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí. Àwọn tí a kò rí mọ́, orúkọ wọn wà lára ògiri ìrántí Hollybrook ní Southampton. Ògiri kan náà ni orúkọ Lord Kitchener wà, ọ̀gágun tó lágbára jù ní Ìlú Ọba, nítorí inú òkun ni òun náà kú sí ní 1916. Ọmọ darandaran Pondoland àti Kitchener wà lára ògiri kan. Ohun tí òfin ìgbìmọ̀ ibojì ṣèlérí fún gbogbo ayé nìyẹn, níhìn-ín wọ́n ṣe é. Orúkọ wọn wà lára ògiri nítorí ẹnì kan kọ wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀: orúkọ, àti ibi tí wọ́n ti wá.

Inú àkọsílẹ̀ yẹn ni àwọn ẹbí ti ń fa tiwọn yọ. Àwọn ará ilé fúnra wọn kò jẹ́ kí ọjọ́ náà kú. Láti bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Mendi ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ dá owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú. Akéwì S. E. K. Mqhayi kọ ewì lé e. Ní 1974 ni òmùwẹ̀ kan, Martin Woodward, sọ ibi tí ọkọ̀ náà wà dájú. Àwo oúnjẹ tó ní àmì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lára ni wọ́n fi dá a mọ̀. Norman Clothier tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1987. Ní 1995, Ọbabìnrin Elizabeth ṣí òkúta ìrántí wọn ní Avalon ní Soweto. Láti 2003 ni àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ń fún ènìyàn ti ń jẹ́ orúkọ Mendi. Nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2017, ìran àwọn tó rì dé Southampton, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan orúkọ lára ògiri Hollybrook. Ọdún kan náà ni ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ gbé agogo Mendi fún oníròyìn BBC kan. Agogo náà ti sọnù láti ọdún pípẹ́. Ní 2018, Theresa May, tó jẹ́ olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, gbé e fún Ààrẹ Ramaphosa ní Cape Town.

Atukọ̀ ọgbọ̀n tó kú nínú Mendi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọn kan wa jù, àwọn ni a sì gbọ́ nípa wọn kéré jù. Àṣà Elder Dempster ni láti máa gba ọmọ etíkun wa sí iṣẹ́ ọkọ̀, àwọn Kru láti Freetown ní pàtàkì, àwọn ló ń kó èédú síná nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí omi ti máa ń kọ́kọ́ wọlé. Nígbà ogun kejì, wọ́n ń gbà wọ́n ní Èkó pẹ̀lú, owó tí wọ́n sì ń san fún wọn kéré sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn rì lọ́tùn-ún lósì nínú ogun Hítílà. Ọkọ̀ Accra rì ní ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ 1940. Bàálù Jámánì ju àdó olóró lu ọkọ̀ Apapa nígbà tó ń ti Èkó bọ̀, ní oṣù Belu ọdún kan náà. Abosso ló burú jù: alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ta á, ẹni 362 kú. Ẹni 31 péré ló yè, gbogbo wọn wà nínú ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo.

Orúkọ àwọn atukọ̀ tí kò ní ibojì wà lára ògiri Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tò ó ní ọkọ̀ ọkọ̀. Mo ti jókòó ti àkójọ orúkọ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tó ń dun ènìyàn níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe kọ orúkọ. Ọ̀gá tó wà ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ bi ọkùnrin léèrè, ó gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ lè gbọ́, ó kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè kọ. Àwọn mìíràn, orúkọ òyìnbó tí ẹnì kan fi ṣeré ni wọ́n kọ fún wọn, òun ni wọ́n sì kú mọ́.

Ti sójà náà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ogun Nàìjíríà, orúkọ kan ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á fi orúkọ ìlú tì í lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Òjó jáde láti Òmù-Àrán ní 1916. Akọ̀wé lè kọ ọ́ sí Ojo Omu. Òmù wo? Òmù-Àrán wà, Òmùpo wà nítòsí wa, Òmù wà ní Ìjẹ̀bú, Òmùò wà ní Èkìtì. Ó sì lè má kọ Òmù rárá. Ó lè ní Ìlọrin ni ẹkùn rẹ̀, kó kọ ọ́ sí Ojo Ilorin, kó sì di ọ̀kan náà pẹ̀lú gbogbo Òjó tó wá láti Ọ̀fà títí dé Jẹ́bà. Bí o bá sì fẹ́ wá ìwé ìjọba nípa ìgbà náà, má ṣe lọ sí ilé ìwé àtijọ́ ní Ìbàdàn kó o dúró síbẹ̀. Apá Àríwá ni wọ́n ka Ìlọrin sí, Kàdúná ni púpọ̀ nínú ìwé wa wà. Ọmọ Ìgbómìnà tó mọ èyí kò pọ̀, mo sì ti rí ẹni tó fi ọdún méjì wá ohun tí kò sí níbi tó ti ń wá a.

Síbẹ̀, a rí i ṣe níbòmíràn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ sójà ní 1942 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọkọ̀ gbé e kúrò ní Èkó, ó yí Gúúsù Áfíríkà po dé Íńdíà, ó wọ Bọ́mà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà 1944, àwọn Japan yọ sí wọn ní etí odò Kaladan, wọ́n fọ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ló ṣẹ́kù sínú igbó láàyè. Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman fi wọ́n pamọ́, ó bọ́ wọn fún oṣù púpọ̀ títí àwọn sójà Ìlú Ọba fi padà dé ní ìparí ọdún náà. Wọn ì bá pa á bí wọ́n bá gbá a mú. Isaac padà sí Emùré-Ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ó kọ orúkọ Shuyiman síbẹ̀. Orúkọ yẹn ni oníròyìn Barnaby Phillips tẹ̀lé ní 2011, ó gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ Isaac dání dé Bọ́mà, ó sì rí ìdílé Shuyiman. Bàbá náà ti kú, ṣùgbọ́n ìtàn náà ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀. Isaac gbọ́ èsì kó tó kú ní 2012.

Mo ka ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ ènìyàn kan tí a tọ́jú fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ilé wa, ẹnu ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ìwé àti bírò lọ bá àwọn àgbà, èmi náà sì kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe: mo ń bèèrè ọdún. Àgbà kan kì í ka ọdún bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bi òun léèrè ẹni tí wọ́n bí nígbà náà. Ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ọdún tí ojú irin dé Ọ̀fà, ọdún lúkúlúkú, ọdún tí àwọn sójà Bọ́mà ń padà wọlé. O máa rí ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà á sì ní orúkọ tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ń jẹ́ Abíógun, bi ogun tí wọ́n ń sọ. Ìbéèrè kejì tó ṣiṣẹ́ ni ti aya: ta ni ó ṣú u lópó? Ọkùnrin tí kò padà láti ogun, ẹnì kan jogún ìyàwó rẹ̀, àwọn obìnrin ilé kì í gbàgbé ẹni tó jẹ́ àti ìdí rẹ̀.

Ìwé wà nínú ilé náà nígbà mìíràn. Bàbá kan ní àdúgbò wa gbé agolo bísíkíìtì kan wá fún mi, ó ti dípẹtà. Ìwé ìfẹ̀yìntì sójà bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ti ya sí mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ń ká a, wọ́n sì ti fi àtè lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Mẹ́dàlì tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ Bọ́mà náà wà níbẹ̀. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti mọ́ mi lára, kò sí orúkọ létí. Wọn kò fín orúkọ sí ti ogun kejì fún àwọn tiwa. Ṣùgbọ́n nọ́mbà wà lórí ìwé. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ ogun wà níbẹ̀. Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò ọ̀tún ọkùnrin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní tàdáwà aláwọ̀ dúdú, ní ibi tí ẹni tó mọ̀wé máa ń fọwọ́ sí. Ọmọ rẹ̀ fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e láti fi hàn mí pé wọ́n jọra. Èmi kò rí ìjọra kankan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ó jọ ọ́.

Kí n tó kúrò ní Òmù-Àrán nígbà yẹn, mo ka orúkọ kan sétí ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé tó mọ oríkì jù ní àdúgbò. Láti inú àkójọ àwọn tó kú sógun ni mo ti fà á yọ: orúkọ kan, Ìlọrin lẹ́yìn rẹ̀, nọ́mbà, ọjọ́ tó kú. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo orúkọ yẹn, n kò rí ọ̀nà gbà wọ inú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọkùnrin náà lè jẹ́ ará wa, ó sì lè má jẹ́ ará wa. Ìyá àgbà gbọ́ mi dópin. Wọ́n ní kí n tún orúkọ náà pè. Mo tún un pè. Wọ́n gbé ojú sókè díẹ̀, ẹnu wọn ń mì bí ẹni tó ń wá ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí mi.

"Ọmọ ilé ta ni?"